Kí Ẹ Tó Ra Pàúdà Purotéènì: Bí Ẹni Tó Sanra Ṣe Lè Fi Nǹkan Wúwo àti Oúnjẹ Tọ́jú Ọkàn Rẹ̀

Láti Kàbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrà dé Ẹ̀gbẹ̀, níbí ní ìpínlẹ̀ Kogí, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn wa ń bi mí: "Nọ́ọ̀sì ní ìfúnpá mi ti ń ga, ó ní kí n fọn díẹ̀. Ọmọ mi tó wà ní Àbújá wá fi pàúdà purotéènì ránṣẹ́ sí mi. Ṣé kí n máa mu ún?" Àwọn kan kò tíì ní pàúdà kankan nílé. Orí fóònù ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí àwọn náà sanwó.

Èsì mi rèé. Pàúdà nìkan kò lè ṣe ọkàn lóore tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ bá fún iṣan ara ṣe ló ń ṣe é lóore. Purotéènì, èròjà inú oúnjẹ tó ń kọ́ iṣan, ń ràn án lọ́wọ́, yálà inú ike ló ti wá tàbí inú ìkòkò ẹ̀wà. Nítorí náà, bí a ṣe máa tò ó nìyí: àyẹ̀wò ni ìkíní, gbígbé nǹkan wúwo ni ìkejì, ìṣirò oúnjẹ ni ìkẹta. Pàúdà ló kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ yín kò sì ní dé ìdí rẹ̀ rárá.

## Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìrí dókítà

Ẹ ka èyí ná. Bí ọ̀kan péré bá bá yín mu, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó gbé ohunkóhun tàbí kí ẹ fi purotéènì kún oúnjẹ yín.

- Ìfúnpá yín ti wọ 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀. Ẹ má ṣe eré ìdárayá kankan lọ́jọ́ náà. Bí orí fífọ́ líle, àyà dídùn, ojú ṣíṣú tàbí èémí kúkúrú bá bá a rìn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ ní kíá.
- Àyà máa ń dùn yín tàbí kí ó fún yín pinpin bí ẹ bá gun òkè, tàbí òòyì ti gbé yín ṣubú rí.
- Ẹ ti ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ rí.
- Wọ́n ti sọ fún yín pé kíndìnrín yín ní ìṣòro. Purotéènì púpọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn.
- Ẹ ní ìtọ̀ súgà, ẹ sì ń gún abẹ́rẹ́ insulin tàbí ẹ ń lo oògùn bíi glibenclamide. Súgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́.
- Ẹ lóyún, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, tàbí ẹ ní ìpákè.

Ilé ìwòsàn ECWA wà ní Ẹ̀gbẹ̀ fún àwọn ará Yàgbà, Federal Teaching Hospital (Federal Medical Centre tẹ́lẹ̀) sì wà ní Lọ́kọ́ja fún ẹni tí wọ́n bá darí síbẹ̀. Àmọ́ fún wíwọn ìfúnpá lásán, ilé ìlera alábọ́dé tó wà ládùúgbò yín tó.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ara yín

1. Ìfúnpá. Ẹ jókòó ní ìṣẹ́jú 5, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ẹ má sì sọ̀rọ̀. Kí apá wà lórí tábìlì ní ìwọ̀n àyà. Ẹ má mu kọfí, ẹ má mu sìgá, ẹ má sì ṣe iṣẹ́ líle ní ààbọ̀ wákàtí tó ṣáájú. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Bí ó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn.

Àṣìṣe kan wà níbí tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó sanra ju ẹnikẹ́ni lọ. Aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá lára ẹ̀rọ náà ní títóbi-títóbi. Bí apá yín bá tóbi tí wọ́n sì fi aṣọ kékeré wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà tó máa jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá rí i tí aṣọ náà ń já sílẹ̀ tàbí tí kò yí apá yín ká dáadáa, ẹ béèrè èyí tó tóbi. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Mo mọ ìyá kan tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún nítorí aṣọ kékeré yìí.

2. Ikùn. Ẹ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀. Ẹ wé e yí ikùn ká ní àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí, kí ẹ mí jáde, kí ẹ wá kà á. Ẹ má fa ikùn wọlé o. Bí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà 94 lọ fún ọkùnrin tàbí 80 fún obìnrin, ewu fún ọkàn ti ń pọ̀ sí i. Bí ó bá wọ 102 fún ọkùnrin tàbí 88 fún obìnrin, ewu náà ti pọ̀ gan-an. Ọ̀rá inú ikùn ni a ń lé kiri nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rá itan tàbí ti apá lọ.

3. Ìwúwo àti gíga. Ẹ fi gíga yín (ní mítà) ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá fi iye tó bá jáde pín ìwúwo yín (ní kílò). Bí ìdáhùn bá jẹ́ 25 sókè, ẹ ti sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Láti 30 lọ sókè, ó ti di àìsàn tó ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹni tó jẹ́ kílò 95, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.68, ti wà ní nǹkan bí 33.7.

Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ọjọ́ tí ẹ wọ̀n wọ́n sínú ìwé kan. A óò padà sí i.

## "Ṣé iṣẹ́ oko kò tó ni?"

Ó dáa kí n dáhùn èyí kíákíá, torí àwọn bàbá Ìjùmú àti Bùnú máa ń fi pá mi lórí. Ẹni tó ń kọ ebè iṣu látàárọ̀, tó ń ru igi, tó ń gúnyán lálẹ́, iṣan rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, mi ò jiyàn. Àmọ́ iṣẹ́ oko ní àsìkò. Lásìkò kajú, kíkó àti bíbẹ̀rẹ̀ ló pọ̀, kì í ṣe gbígbé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tán, ọ̀pọ̀ ń jókòó ni. Ẹrù oko kì í sì í pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀nà tí iṣan fi ń lágbára sí i.

Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ tó ń béèrè ìbéèrè yìí kò roko mọ́. Olùkọ́ ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wakọ̀ lọ Lọ́kọ́ja tó ń wakọ̀ bọ̀, onísọ́ọ̀bù tó jókòó ti káńtà, tàbí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Alágbàro ló ń kọ ebè wọn.

## Ìgbésẹ̀ kejì: gbígbé nǹkan wúwo

Nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́ kíkan, ó ń fa súgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ara á sì túbọ̀ máa gbọ́ràn sí insulin, èròjà ara tó ń darí súgà inú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ìfúnpá náà á máa wálẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí, nọ́ńbà bíi mélòó kan, àmọ́ díẹ̀ yẹn wúlò fún ọkàn. American Heart Association, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà, tún ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò lọ́dún 2023. Ohun tí wọ́n gbà níyànjú ni pé kí àgbàlagbà máa ṣe é ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, oríṣi ìdárayá 8 sí 10, kí ó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 8 sí 12. Fún àgbà tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò le tó, kí ẹrù fúyẹ́, kí iye ìgbà jẹ́ 10 sí 15. Èyí tó fúyẹ́ yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo yín fi bẹ̀rẹ̀.

### Ohun tí ẹ nílò

- Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 méjì tó ní ọwọ́. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà kò sí pé ẹ ń wá ìwọ̀n kiri.
- Pure water. Ọ̀rá kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, ìyẹn ààbọ̀ kílò. Àpò kan tó ní 20 nínú jẹ́ kílò 10.
- Àga igi tó dúró gbọn-in tí kò ní ọwọ́. Àga ike tí a ń háyà fún òde kò dára: ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa yọ̀ lórí símẹ́ǹtì, ó sì lè ya mọ́ ẹni tó wúwo nídìí.
- Ògiri kan, àti àtẹ̀gùn kan tí kò ga ju ojúgun lọ.

Kò sí jíìmù nínú rẹ̀. Bí jíìmù bá wà nítòsí yín tí ẹ sì lówó rẹ̀, ó dáa, àmọ́ ẹ má fi àìsí jíìmù ṣe àwáwí.

### Bí ẹ ó ṣe ṣe é

Ẹ kọ́kọ́ rìn yípo àgbàlá fún ìṣẹ́jú 5 kí ara lè gbóná. Lẹ́yìn náà:

1. Ìdìde lórí àga. Ẹ fi ẹ̀yìn àga ti ògiri. Ẹ jókòó sí etí rẹ̀, kí ẹsẹ̀ yà díẹ̀, kí ẹ ká apá mọ́ àyà. Ẹ dìde láìfọwọ́ ti itan, kí ẹ sì padà jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹ ṣe ń ka mẹ́ta. Ẹ má já lulẹ̀ gbì, torí iṣan itan ń ṣiṣẹ́ nígbà sísọ̀kalẹ̀ náà. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ fi ìrọ̀rí lé àga kí ó ga sí i. Bí ó bá ti rọrùn fún yín tán, ẹ di kẹ́ẹ̀gì kan mọ́ àyà.

2. Títi ògiri. Ẹ dúró ní ìwọ̀n apá kan sí ògiri, ẹ tẹ́ ọwọ́ lé e ní gíga èjìká, ẹ tẹ ìgbọ̀nwọ́ títí imú yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, kí ẹ wá ti ara yín padà. Kí ara tọ́ láti orí dé gìgísẹ̀, kí ìdí má ṣe yọ sẹ́yìn.

3. Gbígbé kẹ́ẹ̀gì nílẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ni wọ́n sì ń ṣì ṣe jù. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kì í ṣe síwájú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ wá ti ìdí sẹ́yìn bí ìgbà tí ọwọ́ ẹni kún fún ẹrù tí a ń fi ìdí ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ tẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti di kẹ́ẹ̀gì mú, ẹ fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ kí ẹ sì dìde dúró tààrà. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ro yín lọ́jọ́ kejì dípò ẹ̀yìn itan àti ìdí, ẹ̀yìn yín tẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lé orí àpótí kí ó lè ga, kí ẹ tún un kọ́.

4. Fífa kẹ́ẹ̀gì sí ìhà. Ẹ fi ọwọ́ òsì ti àga, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fa kẹ́ẹ̀gì láti ìsàlẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ìhà. Ẹ tún un ṣe ní ọwọ́ kejì.

5. Gígun àtẹ̀gùn. Ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gùn ún ní ìgbà 10, ẹ fi òsì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ògiri wà nítòsí bí ẹsẹ̀ bá ṣì.

6. Gbígbé rìn. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga kí ẹ padà. Èjìká sẹ́yìn, ojú sókè.

Mẹ́fà yìí tó fún oṣù méjì àkọ́kọ́. Gbígbé nǹkan sókè orí wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe ní jíìmù, àmọ́ mo yọ ọ́ kúrò fún ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ kò tíì dúró sójú kan.

### Ìwọ̀n àti àlékún

1. Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2: sẹ́ẹ̀tì kan péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà 10 láìdúró sinmi. Kí kẹ́ẹ̀gì wà ní ààbọ̀, ìyẹn lítà 2 àbọ̀.
2. Ọ̀sẹ̀ 3 àti 4: sẹ́ẹ̀tì méjì. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan sí méjì láàárín.
3. Láti ọ̀sẹ̀ 5: nígbà tí ẹ bá lè ṣe é ní ìgbà 15 nínú sẹ́ẹ̀tì méjèèjì, tí ọ̀rọ̀ ṣì lè jáde lẹ́nu yín, ẹ da pure water kan sínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ààbọ̀ kílò yẹn ni àlékún. Ẹ má fò láti ààbọ̀ kẹ́ẹ̀gì sí kíkún lọ́jọ́ kan.
4. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni, kí ó kéré tán ọjọ́ kan wà láàárín. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ máa ń rọrùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ní ọjọ́ márùn-ún, ẹ rìn kánmọ́kánmọ́ ní ìṣẹ́jú 30. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ nìyẹn, òun náà sì ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà má ṣe dín kù sí. Gbígbé nǹkan kò gba ipò rírìn, rírìn kò sì gba ipò gbígbé. Ìdájí ni kí ẹ máa ṣe é, kí oòrùn tó mú. Nínú ooru oṣù kejì àti ìkẹta, ọ̀sán ilẹ̀ wa kì í ṣe àkókò eré ìdárayá.

### Ìkìlọ̀ méjì tí mi ò fẹ́ kí ẹ fò

Ẹ má sé èémí. Bí èèyàn bá sé èémí tó sì fi gbogbo agbára gbé nǹkan, ìfúnpá rẹ̀ á fò sókè lójú ẹsẹ̀. Ẹ mí jáde nígbà tí ẹ bá ń gbé e, ẹ mí wọlé nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ẹ kò bá rántí, ẹ kà á sókè ketekete, "oókan, eéjì, ẹẹ́ta." Ẹni tó ń kà kò lè sé èémí.

Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ bí àyà bá fún pinpin, bí ìrora bá gba apá tàbí àgbọ̀n lọ, bí òòyì bá kọ́ yín, bí òógùn tútù bá bò yín tàbí bí ọkàn bá ń lù kìkì láìdáwọ́ dúró. Ẹ má lọ dùbúlẹ̀ pé yóò kọjá. Kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn.

Ara ríro lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta yàtọ̀ sí èyí. Àmì iṣẹ́ ni, yóò lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni bí àwọn èèyàn ṣe ń sáré lọ sí kẹ́míìsì ra diclofenac tàbí ibuprofen torí ara ríro. Àwọn oògùn wọ̀nyí lè gbé ìfúnpá sókè, wọ́n sì lè pa kíndìnrín lára bí ó bá pẹ́. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ kí ẹ sì rìn díẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣírò purotéènì inú abọ́ yín

Fún ẹni tó ń gbé nǹkan wúwo, gíráàmù 1.2 sí 1.6 fún kílò kan lójúmọ́ bójú mu. Àmọ́ ẹ má fi ìwúwo tí ẹ jẹ́ báyìí ṣírò o, torí ọ̀rá kò nílò purotéènì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ 100 kúrò nínú gíga yín ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi èyí tó ṣẹ́kù ṣírò. Ẹni tí gíga rẹ̀ jẹ́ 168, kílò 68 ló máa fi ṣírò: 68 lọ́nà 1.2 jẹ́ nǹkan bí 82, 68 lọ́nà 1.6 jẹ́ nǹkan bí 109. Ibi tí kò bá jìnnà sí 82 ló máa bẹ̀rẹ̀.

Iye tó wà nínú oúnjẹ, ní gíráàmù, ní ìfojúbù:

- Ẹyin kan: 6. Funfun rẹ̀ nìkan: 3 àbọ̀
- Ife ẹ̀wà sísè kan: 15
- Ẹja tàbí adìẹ sísè tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ (gíráàmù 100): 20 sí 28
- Ife mílíìkì kan: 8. Ife mílíìkì sóyà: 6 sí 7
- Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan: 7. Ẹ̀kúnwọ́ kajú: 5
- Iṣu gíráàmù 100: kò pé 2
- Síbí pàúdà whey (pàúdà purotéènì tí wọ́n ń fi omi wàrà ṣe) kan: 20 sí 25

Ẹ wo ti iṣu yẹn dáadáa. Iyán ni ọba oúnjẹ lọ́dọ̀ wa, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀. Àmọ́ òkèlè ńlá méjì pẹ̀lú ẹja tó tó àtàǹpàkò kò lè kọ́ iṣan. Ẹ dín iyán kù sí ìwọ̀n ìkúùkù kan àbọ̀, ẹ sì jẹ́ kí ẹja tó àtẹ́lẹwọ́.

Ọjọ́ kan lè rí báyìí. Láàárọ̀: ògì tí a fi ife mílíìkì kan pò láìsí ṣúgà, ẹyin odidi kan àti funfun ẹyin méjì (nǹkan bí 21). Lọ́sàn-án: ife ẹ̀wà kan àbọ̀ pẹ̀lú ẹja kékeré kan (nǹkan bí 32). Lálẹ́: iyán díẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ẹja tàbí adìẹ tó tó àtẹ́lẹwọ́ (nǹkan bí 24). 77 nìyẹn. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ló kù kó wọ 82. Ẹ rí i pé kò sí pàúdà níbẹ̀.

Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí nídìí ìkòkò:

- Pọ̀nmọ́. Ó ń kún ẹnu, àmọ́ purotéènì inú rẹ̀ kò ní gbogbo èròjà tí iṣan ń wá. Ẹ má kà á mọ́ iye tí ẹ ń ṣírò.
- Kajú, ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí láìníwọ̀n. Purotéènì wà nínú wọn lóòótọ́, òróró sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan lóòjọ́ tó. Kajú yíyan ni kí ẹ rà. Omi èèpo tútù rẹ̀ ń jó ara, èéfín rẹ̀ kò sì dára.
- Wàrà dídín. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé kiri dára, wàrà sóyà náà dára. Inú òróró tí wọ́n ń dín in sí ni ìṣòro. Ẹ sè é sínú ọbẹ̀.
- Iyọ̀ àti kúùbù. Gbogbo iyọ̀ òòjọ́ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 5 lọ, ìyẹn síbí kékeré kan, kúùbù ọbẹ̀ náà sì wà nínú ìṣirò yẹn. Ẹni tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì tó sì ń da kúùbù mẹ́rin sí ìkòkò ń fi ọwọ́ kan kọ́lé, ó ń fi ìkejì wó o.

Ẹ pín purotéènì sí oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fífi gbogbo rẹ̀ pamọ́ di alẹ́ kò ṣe iṣan láǹfààní tó pínpín. Ní ti ẹyin, bí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín bá ga tàbí ẹ ní ìtọ̀ súgà, ẹ bi dókítà léèrè iye pupa ẹyin tó yẹ kí ẹ máa jẹ. Funfun kò ní wàhálà.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: pàúdà, bí ó bá ṣe pàtàkì

Ta ni ó lè wúlò fún? Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò gba ẹran tàbí ẹja mọ́, ẹni tí ehín rẹ̀ ti tán, ẹni tí kì í ráyè jẹun láàárọ̀ torí ọ̀nà Lọ́kọ́ja, àti ẹni tó ti ṣírò oúnjẹ rẹ̀ tí ó ṣì ku gíráàmù 20 sí 30 lójoojúmọ́. Àwọn yòókù ń fi owó ṣòfò ni.

Whey kì í ṣe oògùn. Omi tó ń ṣẹ́ jáde nígbà tí wọ́n bá ń ṣe wàrà ni wọ́n gbẹ di pàúdà. Ìwádìí kan rí i pé ó lè dín ìfúnpá kù díẹ̀, òmíràn kò rí nǹkan kan. Mi ò ní gbára lé e.

### Ìṣirò owó

Ike tó jẹ́ gíráàmù 907 (páùn méjì), tí síbí rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 30 tó sì ní purotéènì 24, máa fún yín ní síbí 30. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 720. Kíréètì ẹyin kan, ẹyin 30 lọ́nà 6, jẹ́ 180. Kíréètì ẹyin mẹ́rin ni ike yẹn. Ẹ béèrè iye kíréètì mẹ́rin lọ́jà Kàbà lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ ra pàúdà, ẹ fi owó wáyábíìlì láti Èkó tàbí Àbújá kún iye ike náà, kí ẹ wá fi wọ́n wé ara wọn. Ẹ tún fi múdù ẹ̀wà kan sínú ìṣirò bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rín pa yín.

### Kí ẹ wò lára ike kí ẹ tó sanwó

- Nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Bí kò bá sí, ẹ dá a padà.
- Ọ̀rọ̀ náà "gainer." Ẹ sá fún un. Ìyẹn wà fún ẹni tó rù tó fẹ́ sanra. Ìwọ̀n kan rẹ̀ lè ju kálórì 1,000 lọ, ṣúgà àti sítáàṣì ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ọmọ ń rà ránṣẹ́ sílé láìmọ̀ ni èyí.
- Purotéènì ó kéré tán 20 nínú síbí gíráàmù 30, ṣúgà tí kò ju 2 tàbí 3 lọ.
- Caffeine, "fat burner," "pre-workout." Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.
- Ike tí wọ́n ti ṣí, tàbí èyí tí wọ́n ń bù sínú ọ̀rá tà. Ẹ má rà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

### Bí ẹ ó ṣe lò ó

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ síbí fún ọjọ́ mẹ́ta. Mílíìkì kì í bá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa lára mu: inú á wú, á máa kùn, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Bí ó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ "isolate" sí lára tàbí ti sóyà.
2. Omi lásán ni kí ẹ fi pò ó. Bí ẹ bá fi mílíìkì aládùn àti ṣúgà sí i, ẹ ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.
3. Bí ẹ bá fẹ́ fi sínú ògì, ẹ jẹ́ kí ògì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ná. Ògì gbígbóná máa sọ ọ́ di kókó.
4. Síbí kan lójúmọ́, dípò nǹkan tí ẹ ò jẹ. Bí ẹ bá mu ún lé odidi oúnjẹ mẹ́ta lórí, ẹ máa sanra sí i ni.
5. Ẹ má dààmú pé ó gbọdọ̀ jẹ́ láàárín ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn gbígbé nǹkan. Àpapọ̀ ọjọ́ kan ló ṣe pàtàkì.

### Bí ẹ kò bá fẹ́ rà á

Ẹ fọ ẹ̀wà sóyà, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ bọ́ èèpo rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ wá sè é kí ó hó fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, kí ẹ máa rò ó kó má bàa jóná. Ẹ má mu sóyà tí kò jinná, inú ni yóò fi dà yín rú. Ife kan láàárọ̀ àti ife kan lálẹ́ ti fún yín ní bíi gíráàmù 13.

## Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12

Ẹ mú ìwé yẹn jáde, ẹ wọn nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹ ṣe wọ̀n wọ́n lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín bàjẹ́ bí ìwúwo kò bá fi bẹ́ẹ̀ yí padà, torí iṣan ń wọlé bí ọ̀rá ṣe ń jáde. Téèpù télọ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí ikùn bá ti fi sẹ̀ǹtímítà mélòó kan wọlé, ẹ wà lójú ọ̀nà. Bí kò bá yí rárá, abọ́ iyán ni kí ẹ padà lọ wò, kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì.

Bí ìfúnpá bá ti wálẹ̀, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, bí ara bá tilẹ̀ ń yá gágá. Ẹ mú ìwé náà lọ bá dókítà, kí ó rí nọ́ńbà ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ti òní. Òun ló máa pinnu bóyá kí ó dín oògùn kù tàbí kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn bíi atenolol tó ń dín lílù ọkàn kù kò lè fi kíka ìlù ọkàn mọ̀ bóyá eré ti le jù. Kí ó máa fi ọ̀rọ̀ sísọ dán an wò: bí ó bá lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ tán láìdúró mí, kí ó da pure water kan kún un.